Ẹ Má Gba Ẹ̀gbẹ́ Tírélà Kọjá: Bí Oníkẹ̀kẹ́ àti Awakọ̀ Ọkọ̀ Ńlá Ṣe Lè Jọ Lo Títì Kan Náà

Ìbéèrè kan ni àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń bi mí léraléra: "Bí tírélà bá dúró níwájú mi ní oríta, tí àyè tóóró kan sì ṣẹ́ kù láàárín òun àti etí títì, ṣé kí n gba ibẹ̀ bọ́ síwájú?"

Ẹ má gbà á. Bí iná bá ṣì pupa, ẹ má gbà á. Bí tírélà náà kò bá tan tíráfíkétọ̀ kankan, ẹ má gbà á. Bí ẹ bá rí oníkẹ̀kẹ́ mìíràn tó gba ibẹ̀ lọ láìfarapa, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Gbogbo ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí wúlò, àmọ́ tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú lọ níbẹ̀, kó jẹ́ èyí: pańpẹ́ ni àyè tóóró tó wà láàárín ọkọ̀ ńlá àti etí títì.

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí níhìn-ín ni èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà. Ọkọ̀ ńlá ni tírélà, tànkà, típà, ọkọ̀ tó ń po kọnkéré, ọkọ̀ akólẹ̀ àti bọ́ọ̀sì gígùn. Tí mo bá sì sọ pé "ẹ̀gbẹ́ etí títì", ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó kọjú sí bèbè ọ̀nà ni mò ń sọ. Níbi tí ọkọ̀ ti ń rìn lápá ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti ń rìn lápá òsì, bíi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Japan, ẹ̀gbẹ́ òsì ni.

## Ibi tí ojú awakọ̀ kò dé

Ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ gbà pé bí àwọn bá ti rí tírélà, tírélà náà ti rí àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ ńlá jókòó sókè gan-an, ìsàlẹ̀ fèrèsé rẹ̀ sì lè ga ju orí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lọ. Ibi mẹ́rin ló wà tí ẹ ti lè pòórá mọ́ ọn lójú:

- Iwájú imú ọkọ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ imú ọkọ̀ jù máa ń bọ́ sábẹ́ ibi tí ojú awakọ̀ lè dé. Àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó ọkọ̀ ẹrù ní Amẹ́ríkà máa ń kìlọ̀ pé kí aráàlú ka nǹkan bíi mítà 6 níwájú ọkọ̀ sí ibi àìrí.
- Ẹ̀yìn. Ẹrù ti dí ẹ̀yìn, dígí inú kò wúlò. Nǹkan bíi mítà 9 ni àwọn aláṣẹ kan náà ní kí a kà sí ibi àìrí lẹ́yìn ọkọ̀.
- Ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ jókòó sí. Ibi àìrí tibí kò tóbi tó ti apá kejì, láti abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ sẹ́yìn ni.
- Ẹ̀gbẹ́ etí títì. Èyí ló burú jù. Awakọ̀ jókòó sí apá kejì, ilẹ̀kùn gíga dí i lójú, dígí nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí orí tírélà bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà sápá ibẹ̀, dígí náà á yà pẹ̀lú rẹ̀, ara ẹrù tó fà sẹ́yìn ló sì máa kún inú dígí náà.

Ìdánwò kan wà tí ẹ lè máa ṣe nígbàkigbà: ẹ wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Bí ẹ kò bá rí ojú awakọ̀ nínú rẹ̀, òun náà kò lè fi dígí yẹn rí yín. Àmọ́ ìdánwò yìí ní ibi tó mọ. Bí ẹ bá rí ojú rẹ̀, ohun tó fi hàn ni pé ó lè rí yín tó bá wo dígí. Ó lè jẹ́ iná oríta tàbí ẹlẹ́sẹ̀ tó ń sọdá ló ń wò lọ́wọ́. Ìgbà tí ojú yín bá di mẹ́rin ni kí ẹ tó gbà pé ó ti rí yín.

Àwọn ìjọba kan ti ń gbìyànjú láti dín ibi àìrí yìí kù. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ tó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù 3.5 lọ gbọ́dọ̀ lẹ àmì tó ń fi ibi àìrí rẹ̀ han oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀. Ní London, wọ́n ń fún ọkọ̀ ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù 12 lọ ní ìràwọ̀ láti 0 dé 5, bí awakọ̀ bá ṣe lè fi ojú ara rẹ̀ rí àyíká rẹ̀ sí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ kò tó 3 ní àwọn ẹ̀rọ ààbò kan kó tó wọ ìlú. Láti oṣù keje ọdún 2024, ọkọ̀ ẹrù àti bọ́ọ̀sì tuntun ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ta awakọ̀ lólobó pé oníkẹ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí gbogbo èyí. Síbẹ̀, ọkọ̀ àtijọ́ ṣì pọ̀ lójú títì, ẹ kò sì lè ti ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ èyí tó ní ẹ̀rọ àti èyí tí kò ní. Ẹ máa ṣe bíi pé kò ní.

## Kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ jáde

- Bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn ń mú dáadáa. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú, kí ẹ sì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.
- Iná funfun wà níwájú, iná pupa wà lẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì ń tàn.
- Ohun tó ń dán bí iná bá kàn án wà ní ọrùn ẹsẹ̀ tàbí lára pẹ́dà. Ẹsẹ̀ tó ń lọ sókè sódò máa ń jẹ́ kí awakọ̀ tètè mọ̀ pé ènìyàn ló wà níwájú òun.
- Aṣọ yín ní àwọ̀ tó hàn. Ẹ rántí pé ọ̀sán ni àwọ̀ òféèfèé tó ń mọ́lẹ̀ yòò wúlò fún. Lálẹ́, ohun tó ń dá iná padà ni awakọ̀ máa rí.
- Ẹrù tí ẹ dì kò yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn tàbí etí aṣọ kankan kò sì jábọ́ sílẹ̀.
- Ẹ ti yọ ohun tí ẹ ń fi gbọ́ orin kúrò létí. Etí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Tí ẹ bá lè ra dígí kékeré mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ rà á. Bó sì ti wù kó rí, ẹ kọ́ bí a ṣe ń bojú wẹ̀yìn láìjẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yẹ̀. Ẹ lọ sí ibi tí kò sí ọkọ̀, ẹ wá ìlà kan lórí ilẹ̀, kí ẹ máa gùn ún lọ tààrà bí ẹ ṣe ń wo ẹ̀yìn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni tí kò bá tíì lè ṣe èyí kò tíì yẹ lójú títì tí tírélà ń gbà.

## Oríta: ibi tó yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra jù

Ẹ fojú inú wo tírélà tó fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ etí títì. Orí rẹ̀ ń lọ, àmọ́ àwọn táyà ẹ̀yìn kì í tẹ ibi tí táyà iwájú tẹ̀. Wọ́n máa ń gé kọ́nà wọlé, bí ọkọ̀ bá sì ṣe gùn sí ni wọ́n ṣe ń gé e sí. Awakọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí táyà ẹ̀yìn má baà gun ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ fa orí ọkọ̀ lọ sápá kejì, síhà àárín títì, kó tó wá yí i padà.

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn rí i pé ọkọ̀ ń lọ sápá kejì, àyè ńlá sì ṣí sílẹ̀ ní etí títì. Ó rò pé wọ́n yẹ̀ fún òun ni, ó bá wọlé. Lẹ́yìn náà ni orí ọkọ̀ yí, tí gbogbo ara tírélà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún bọ̀ wá bá a títí àyè náà fi parẹ́. Eré ọkọ̀ náà lè má ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Awakọ̀ lè má tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Bọ́ọ̀sì gígùn tún ní tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ yọ jìnnà sẹ́yìn táyà, nítorí náà bí iwájú rẹ̀ bá yà sí ọ̀tún, ìdí yẹn á fì sí òsì díẹ̀. Ẹni tó bá wà lápá kejì ní láti fún un láyè pẹ̀lú.

### Tí ọkọ̀ ńlá bá wà níwájú yín

1. Kí ẹ tó dé oríta, ẹ wo bí ọkọ̀ tó wà níwájú ṣe gùn tó. Bó bá ti gùn, ẹ pinnu látibẹ̀ lọ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ máa wà. Ìpinnu tí ẹ bá fi sílẹ̀ dìgbà tí iná fẹ́ yí padà kì í dára.
2. Ẹ dín eré kù, kí ẹ sì jìnnà sí ìdí rẹ̀ débi tí ẹ ó fi lè rí dígí rẹ̀.
3. Ẹ dúró sí àárín ojú ọ̀nà yín. Bí ẹ bá dúró sétí, ó máa wù yín láti yọ́ wọlé, mọ́tò tó wà lẹ́yìn yín á sì fẹ́ fún yín mọ́bẹ̀.
4. Bí kẹ̀kẹ́ yín bá ní jíà, ẹ ti yí i sí èyí tó fúyẹ́ kí ẹ tó dúró. Ẹni tó bá fi jíà líle gbéra máa ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìgbà yẹn kọ́ ló sì yẹ kí kẹ̀kẹ́ mì.
5. Nígbà tí iná bá yí padà, ẹ jẹ́ kó lọ ná. Ẹ má wọ oríta títí ẹ ó fi rí i pé ìdí rẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀.
6. Bí tíráfíkétọ̀ rẹ̀ kò bá tàn, ẹ ṣe bíi pé ó tàn. Gílóòbù rẹ̀ lè ti jó, ẹrẹ̀ lè ti bò ó, awakọ̀ sì lè gbàgbé.

### Tí ọkọ̀ ńlá bá dé bá yín níbẹ̀

1. Bí ẹ bá ti dúró ní oríta, ẹ máa bojú wẹ̀yìn. Ẹ má dúró kí fèrè ọkọ̀ tó sọ fún yín pé ó ti dé.
2. Bó bá dúró sẹ́yìn yín, ẹ sún síwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ yí orí padà, kí ẹ sì wá ojú awakọ̀. Ní àwọn ìlú kan, wọ́n máa ń kun àpótí kan sójú títì fún oníkẹ̀kẹ́ níwájú ìlà tí mọ́tò ń dúró sí. Ìsàlẹ̀ àpótí náà, lábẹ́ imú ọkọ̀, léwu. Iwájú rẹ̀ pátápátá ni kí ẹ lọ.
3. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ yín ló dúró sí, ẹ má bá a du ọ̀nà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ gun ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ó sì kọjá.
4. Ẹ má tìtorí àpótí oníkẹ̀kẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ tírélà lọ síwájú. Iná lè yí padà nígbà tí ẹ bá dé àárín ara rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kun ọ̀nà tóóró wọ inú àpótí náà tilẹ̀ léwu jù, torí ọ̀dà ojú títì ló ń pe oníkẹ̀kẹ́ wọbẹ̀.

### Tó bá ti há yín mọ́

Kò sí àyè láti ronú pẹ́, nítorí náà ẹ kọ́ ọ sórí nísinsìnyí.

1. Ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ má gbìyànjú láti sáré yọ níwájú rẹ̀.
2. Ẹ fò sọ̀ kalẹ̀ sápá etí títì, kí ẹ gun ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.
3. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbi tó bá ṣubú sí. Ẹ má padà wá fà á.
4. Bí ògiri tàbí irin bá dí ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ̀yìn nìkan ni ọ̀nà tó kù. Ẹ dúró, ẹ fà sẹ́yìn, kí ẹ sì pariwo kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè bá yín dá awakọ̀ dúró.

## Tí ọkọ̀ ńlá bá fẹ́ yà yín sílẹ̀

Ìbẹ̀rù máa ń lé oníkẹ̀kẹ́ lọ sí etí gọ́tà. Mo mọ̀ pé ó dà bí ibi ààbò, àmọ́ ohun mẹ́ta ló ń ṣe. Ó ń sọ fún awakọ̀ pé àyè ti wà fún un láti fún ara rẹ̀ kọjá láìkúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó ń gba ibi tí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ sí lọ́wọ́ yín. Ibẹ̀ náà sì ni òkúta wẹ́wẹ́, ìgò fífọ́ àti kòtò máa ń kó jọ sí. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí oníkẹ̀kẹ́ fi ó kéré tán ìlàjì mítà sílẹ̀ sí etí ọ̀nà, kó sì fi jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ewu bá wà. Ìmọ̀ràn yẹn dára níbikíbi. Bí ọ̀nà bá tóóró débi pé ọkọ̀ ńlá kò lè yà yín sílẹ̀ láìfarakàn yín, àárín ojú ọ̀nà ni kí ẹ gbà títí ibẹ̀ á fi fẹ̀.

Àyè tí òfin ní kí ọkọ̀ fi sílẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Jámánì, mítà 1.5 ni láàárín ìlú, mítà 2 sì ni lẹ́yìn ìlú. Ní ilẹ̀ Faransé, mítà 1 ni láàárín ìlú, mítà 1.5 lẹ́yìn ìlú. Láti ọdún 2022 ni ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé kó tó mítà 1.5, kó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ tí eré bá ti kọjá máìlì 30 láàárín wákàtí kan. Ẹ wádìí ti ibi tí ẹ ń gbé.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí kò tíì gùn lójú títì gbọọrọ kì í mọ̀: atẹ́gùn ọkọ̀. Tírélà tó ń sáré máa ń ti afẹ́fẹ́ síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí imú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, á tì yín síta. Bí ara rẹ̀ bá ń kọjá, ẹ ó ṣàkíyèsí pé ó ń fà yín mọ́ra, bí ìdí rẹ̀ bá sì kọjá, afẹ́fẹ́ á dà rú. Ohun tó ń gbé ènìyàn ṣubú ni pé ó ti fara ti ìtìsíta àkọ́kọ́, nígbà tí ìfàmọ́ra sì dé, òun fúnra rẹ̀ ló wọ́ lọ bá ọkọ̀.

1. Ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ìka yín wà lórí bíréèkì.
2. Ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ yín rọ̀. Apá tó le gan-an máa ń gbé gbogbo ìjì náà wọ inú kẹ̀kẹ́.
3. Ẹ tẹjú mọ́ iwájú, kí ẹ máa lọ tààrà. Ẹ má bojú wẹ̀yìn mọ́ tó bá ti sún mọ́ yín.
4. Ẹ má sinmi tó bá ti kọjá. Ọkọ̀ ńlá máa ń tẹ̀ léra, èyí tó wà lẹ́yìn sì lè má tíì rí yín torí èkínní ló dí i lójú.
5. Bí ẹ bá rí i pé kò ní àyè tó, tí kò sì dín eré kù, ẹ bọ́ sílẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ìgbà tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bá dọ́gba ni kí ẹ ti pinnu èyí, kó tó di pé kòtò lẹ máa bọ́ sí.

Lórí afárá tóóró, ẹ bojú wẹ̀yìn kí ẹ tó gùn ún. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń bọ̀ nítòsí, ẹ dúró kó kọjá. Nígbà òjò, omi tí táyà rẹ̀ ń fọ́n lè dí yín lójú fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ ti mọ ibi tí kòtò wà níwájú kó tó dé.

## Bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ àti ọkọ̀ tó gúnlẹ̀

Tí bọ́ọ̀sì bá dúró, ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Èrò ń sọ̀ kalẹ̀, wọn kì í sì wo ẹ̀yìn. Ẹ gba apá àárín títì tó bá mọ́, tàbí kí ẹ dúró. Bó bá ti tan tíráfíkétọ̀ pé òun fẹ́ gbéra, ẹ jẹ́ kó lọ.

Bí ẹ bá ń kọjá lára tírélà tó gúnlẹ̀, ẹ fi tó mítà kan sílẹ̀ torí ilẹ̀kùn. Ẹ máa wo abẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń bọ̀: bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ ènìyàn lápá kejì, ẹnì kan lè yọ níwájú rẹ̀. Bí iná ìfàsẹ́yìn bá sì ń tàn, tàbí tí ẹ gbọ́ ariwo rẹ̀, ẹ má kọjá lẹ́yìn rẹ̀ rárá.

## Àwọn àṣìṣe tó ń ná ènìyàn ní ẹ̀mí

Dídi ìdí ọkọ̀ mú kó máa wọ́ni lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ló sábà máa ń ṣe é, pàápàá lórí òkè. Ẹ kò rí iwájú, ọwọ́ kan ṣoṣo lẹ fi di kẹ̀kẹ́ mú, awakọ̀ kò sì mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wọn wí.

Fífara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kí atẹ́gùn má baà dí wọn lọ́wọ́. Eré rọrùn níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ tírélà lè fi táyà rẹ̀ la kòtò láàárín, kí kòtò náà sì yọ sí yín lójijì láìsí àyè láti yẹ̀.

Gbígbàgbọ́ pé ọkọ̀ ńlá lè dúró lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù gba tírélà láyè láti wúwo dé tọ́ọ̀nù 40. Bíréèkì rẹ̀ sì ń lo afẹ́fẹ́, tó ní láti gba inú ọ̀pá dé ọ̀dọ̀ àwọn táyà ẹ̀yìn kó tó mú. Ẹ má já wọ iwájú rẹ̀ nítorí pé àyè kékeré kan yọ.

Gbígbẹ́kẹ̀ lé àṣíborí. Ẹ dé e, ó ń dáàbò bo orí tí ẹ bá ṣubú. Àmọ́ kò lè gbé ìwúwo táyà tírélà, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sọ yín di aláyà líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

## Fún ẹ̀yin awakọ̀ ọkọ̀ ńlá

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín le. Ẹ ń wa ohun gígùn gba ọ̀nà tí wọn kò ro tiyín kí wọ́n tó ṣe é, oníkẹ̀kẹ́ mìíràn sì ń ṣe bí ẹni pé ẹ ní ojú lẹ́yìn. Síbẹ̀, ọwọ́ yín ni ìwúwo wà.

1. Ẹ tún gbogbo dígí ṣe kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì nù wọ́n. Ẹ kó àsíá, aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ kúrò níwájú gíláàsì àti lára fèrèsé etí títì.
2. Bí ẹ bá ti ya oníkẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀, ẹ fi í sọ́kàn. Bó bá ti pòórá nínú dígí, ẹ gbà pé ẹ̀gbẹ́ yín ló wà.
3. Ẹ má ya oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nígbà tí oríta tí ẹ fẹ́ yà sí ti sún mọ́. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lásán ni.
4. Ẹ tètè tan tíráfíkétọ̀, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ fa orí ọkọ̀ sápá kejì kí ẹ tó yí.
5. Kí ẹ tó gbéra ní oríta, ẹ tẹ̀ síwájú lórí àga, ẹ wo ìsàlẹ̀ imú ọkọ̀, ẹ wo dígí etí títì, kí ẹ sì tún un wò bí ẹ bá ti ń yí.
6. Bí ẹ bá ń yà á sílẹ̀, ẹ fún un láyè gbígbòòrò, kí ẹ má sì tètè padà síwájú rẹ̀. Orí ọkọ̀ lè ti kọjá nígbà tí ìdí ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
7. Ẹ má tẹ fèrè líle sí i létí. Ẹni tó bá ta gìrì lórí kẹ̀kẹ́ lè ṣubú sábẹ́ yín. Bí ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ láti òkèèrè, kó sì jẹ́ díẹ̀.
8. Ẹ máa retí pé ó lè yẹ kòtò lójijì.
9. Ẹ fi ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ṣí i tí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Èjìká yín á yí, ojú yín á sì lọ sẹ́yìn kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Bí ẹ bá ní láti fà sẹ́yìn níbi tí ènìyàn wà, kí mọ́tòbọ́yì tàbí ẹlòmíràn sọ̀ kalẹ̀ darí yín. Bí ẹ kò bá rí ẹni náà mọ́ nínú dígí, ẹ dúró.

## Tí oríta kan bá le jù fún yín

Kò pọn dandan kí ẹ gùn ún kọjá. Ọ̀nà mìíràn wà:

- Ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ ti kẹ̀kẹ́, kí ẹ sọdá níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ní ibi tí ọ̀nà ti yí po bí òrùka, tí ọkọ̀ ńlá sì pọ̀, èmi fúnra mi kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sọ̀ kalẹ̀.
- Ẹ yà á lẹ́ẹ̀mejì. Dípò kí ẹ sọdá sí àárín títì láti yà sápá kejì, ẹ lọ tààrà kọjá oríta, ẹ dúró létí òdìkejì, ẹ kọjú kẹ̀kẹ́ sí ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì sọdá nígbà tí iná tapá ibẹ̀ bá ṣí.
- Ẹ yí ọ̀nà tàbí àkókò padà. Ọ̀nà inú àdúgbò tó fi díẹ̀ jìn sàn ju èyí tó kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń kó yẹ̀pẹ̀ tàbí símẹ́ńtì. Ẹ wo wákàtí tí àwọn típà máa ń pọ̀, kí ẹ yẹra fún un.

## Ẹ lọ jókòó sáyè awakọ̀

Ní London, àwọn ọlọ́pàá ti máa ń pe oníkẹ̀kẹ́ wá jókòó sínú ọkọ̀ ẹrù kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ohun tí awakọ̀ ń rí. Ẹ lè ṣe é fúnra yín tí ẹ bá mọ awakọ̀ kan, tàbí tí ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ yín bá lè bẹ ilé iṣẹ́ tó ní ọkọ̀ ńlá.

1. Ẹ wá àgbàlá tí ọkọ̀ kò ti ń kọjá. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fa bíréèkì ọwọ́, kí awakọ̀ sì yọ kọ́kọ́rọ́ sápò.
2. Kí ẹnì kan nínú yín gun àga awakọ̀, kí ẹnì kejì sì mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró sẹ́bàá imú ọkọ̀.
3. Kí oníkẹ̀kẹ́ náà máa sún síwájú ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ẹni tó wà lókè á fi rí orí rẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì síbẹ̀.
4. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí títì, láti ẹnu ilẹ̀kùn lọ sẹ́yìn, pẹ̀lú dígí nìkan. Ẹ sàmì sí gbogbo ibi tó ti pòórá.
5. Ẹ pààrọ̀ ara yín kí olúkúlùkù lè gun àga náà, kí àwọn ọmọdé tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ náà gùn ún.
6. Kí ẹ tó túká, kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kó mú kẹ̀kẹ́, kó sì dúró sí ibi tí ẹfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, kí ọ̀kan nínú yín wá a láti orí àga.